Òjò Tó Pààrọ̀ Ọmọrí Ìkòkò Àyọ̀kẹ́

Bí ẹ bá dé Atakpamé tí ẹ sì fẹ́ se àsè, ẹ má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alásè. Ilé Àyọ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Alásè lè ṣàìsàn, ẹran lè wọ́n, ọkọ ìyàwó pàápàá lè sá lọ sí Lomé, àsè á ṣì wáyé. Ṣùgbọ́n bí Àyọ̀kẹ́ bá kọ̀, àfi kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ se ìrẹsì.

Ìkòkò ló ń fi háyà. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó ilé ń gbé kaná láàárọ̀ o. Ìkòkò àsè ni, èyí tí wọ́n ń pè ní màmíìtì lọ́dọ̀ wa, tí ọkùnrin méjì ń fi igi gbé. Ewúrẹ́ kan já sínú ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ Ajé kan, wọn kò sì rí i títí di Ọjọ́rú. Ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́, ó ti bímọ méjì síbẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé mi. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ojú mi ló rí i. Èyí tí ojú mi kò bá rí, etí mi ti gbọ́ ọ láti orí ògiri. Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ohùn rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀. Bó bá kí èèyàn "Ẹ káàárọ̀" ní ẹnu ọ̀nà ilé wa níhìn-ín, àwọn tó ń ta iṣu sísun lẹ́bàá títì ní ìlú Glei, tó jìnnà sí wa, á dáhùn pé "Àárọ̀ ire o."

Ọmọ Ifẹ̀ tiwa níbí ní Tógò ni, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀. Kátólíìkì ni bàbá rẹ̀, Pùròtẹ́sítáǹtì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá á mú un lọ sí Mísà ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ti ń jáde, ìyá á ti dúró lẹ́nu géètì láti gba ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìsìn tirẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn ni pé ebi ń pa èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dàgbà, ó dúró sọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì nítorí orin wọn, ṣùgbọ́n iṣu ìkórè rẹ̀, ìjọ ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ tó sì ní láyé yìí, tí wọ́n ti jọ ń rìn láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń pọn ọmọ, Mùsùlùmí ni. Rùkáyátù lorúkọ rẹ̀. Ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ọ̀fà pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Èmi gbọ́ pé mọ́tò ló wọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi mọ́tò dárà nínú ìtàn?

Ìkòkò kan ṣoṣo ni Àyọ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Àwọn Kátólíìkì se ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ní àwọn kò ní fi ojú kàn án mọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún ìjọ Pásítọ̀, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ìjọ Pásítọ̀ gbọ́ pé wọ́n da ọtí sódábì sínú rẹ̀ níbi òkú kan, wọ́n gbé e padà kí omi tó hó. Àyọ̀kẹ́ jókòó sórí ìkòkò náà, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó wò mí lórí ògiri, ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà kò gbà wọ́n."

Ó lọ bá ọkùnrin tó ń yọ́ ìkòkò, ó ra mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn ní òun fi irin òpó táwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ rédíò láti Kamina, nítòsí ìlú wa, láyé ijọ́un sí i. Agolo mílíìkì ló yọ́, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jámánì yẹn jẹ́ kí ìkòkò náà wuyì. Wọ́n jọra bí ìbẹta. Ọ̀dà pupa fún àwọn tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀dà funfun fún àwọn tí kì í fẹnu kan ọtí. Ọ̀dà àwọ̀ ewé fún àwọn Mùsùlùmí. Ibo ló wá kun ọ̀dà náà sí? Orí ọmọrí ni, nítorí pé iná igi ń lá ọ̀dà kúrò lára ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ di ìyẹn mú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ tó máa gbé ìkòkò ọlọ́mọrí ewé fún Rùkáyátù nígbà àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè níwájú gbogbo ọjà. "Ìyá Bàrákátù, láyé mi, ẹlẹ́dẹ̀ kò ní fi òórùn rẹ̀ kan ìkòkò yìí!" Rùkáyátù dì mọ́ ọn. Látọjọ́ náà, ọdún méjìlá gbáko, gbogbo Mùsùlùmí ọjà ń háyà ìkòkò Àyọ̀kẹ́, nítorí ohun tí Rùkáyátù bá gbà, wọ́n gbà á.

Ó wá ku ọjọ́ méjì kí wọ́n so yìgì Bàrákátù, ọmọ ìkẹyìn Rùkáyátù, ni Maurice náà bá ní tòun.

Maurice ni katẹkísì ní Datcha. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ Kátólíìkì ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ọrùn rẹ̀ gùn débi pé bó bá jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí Fáda. Ó fi Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè Olúwa ṣe ìdúpẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló háyà, nítorí àwọn àna rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ nilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ẹ ò ní fẹ́ ìyàwó kan kí ẹ má bá ẹ̀sìn méjì pàdé ní yàrá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ìkòkò padà, ó mọ́ tónítóní, ọmọrí kálukú lórí. Ní kùtùkùtù Sátidé, àwọn ọkùnrin Rùkáyátù wá gbé ọlọ́mọrí ewé lọ.

Oòrùn ti gòkè díẹ̀ nígbà tí Maurice gun alùpùpù dé pẹ̀lú ṣíbí onígi gígùn kan tí wọ́n gbàgbé dá padà. Kò tíì sọ̀ tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Linda!" Linda ni àkọ́bí Àyọ̀kẹ́. "Ìyá Linda, ẹ wá gbọ́ ohun tójú rí ní Datcha! A jẹun tán, àwọn obìnrin da ìkòkò dé, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Àfi wàràwàrà! Òjò! Kò sẹ́ni tó mú agbòòrùn dání. Honorine, ìyàwó mi, gbé ọmọrí ìkòkò dé orí. Àǹtí rẹ̀ gbé òmíràn. Ìyá àgbà tiwa tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ń sá bí ìjàpá mẹ́ta tó dìde dúró! Àna mi ṣubú, ọmọrí ń yí lọ, ó ń yí lọ, ajá ń lé e!"

Àyọ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi etí aṣọ nu ojú, ó kọjú sí Maurice.

"Katẹkísì. Nígbà tí òjò dá, ta ló dá ọmọrí padà sórí ìkòkò?"

"Kálukú ni. Wọ́n fi tọwọ́ wọn dé èyí tó sún mọ́ wọn."

"Èyí tó sún mọ́ wọn."

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni..." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Maurice. Ọrùn rẹ̀ wọlé díẹ̀. "Yéè."

"Inú ìkòkò wo ni ẹlẹ́dẹ̀ wà?"

"Èyí tó wà lábẹ́ máńgòrò."

"Ọmọrí wo ló dé wálé?"

"Ìyá Linda, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ajá yẹn sì lè mọ̀."

Orí ògiri ni mo wà, mo rí ojú Àyọ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó ní láti là á yé mi. Ìrẹsì Bàrákátù ti wà lórí iná. Bó bá lọ sọ ọ́, àsè ọ̀rẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ lójú àwọn àna tó wá láti Sókódé, ọjà kò sì ní háyà ìkòkò rẹ̀ mọ́ láé. Bí kò bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ òun ni Rùkáyátù yóò ti jẹ ohun tí kò fẹnu kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, pẹ̀lú "o ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ fara balẹ̀," Maurice ní. "Wọ́n fọ̀ ọ́. Ọlọ́run kì í ti imú bọ ìkòkò, ọkàn ló ń wò. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ìdààmú ni. Bí ẹ bá dákẹ́, ṣé ẹ purọ́ ni? Ìdákẹ́ kì í ṣe irọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ wọ inú àpótí ìjẹ́wọ́, kí ẹ sọ ọ́ fún Fáda, ó parí."

"Àpótí wo?"

Ohùn kan ló dáhùn láti ojú títì. Pásítọ̀ Elvis ni, tó ń fọ alùpùpù rẹ̀ níwájú ilé kejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó ń bá èèyàn kan sọ̀rọ̀ bíi pé ẹgbẹ̀rún ló wà níwájú rẹ̀. Ó ju kànrìnkàn sílẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, ó purọ́ pẹ̀lú ẹnu pípadé! Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, Màmá, kì í ṣe àpótí. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba! Bí wọ́n bá ní gbohùngbohùn, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn!"

"Obìnrin yìí ni ẹ fẹ́ fún ní gbohùngbohùn?" mo ní. 

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sọ gbogbo òótọ́," Maurice ní. "Ìdí nìyẹn tí ìjọ yín fi ń pín sí méjì lọ́dọọdún."

"Tiyín kò pín," Pásítọ̀ fèsì, "ẹ kàn jọ dákẹ́ ni."

Àyọ̀kẹ́ ti gbé bàtà sẹ́sẹ̀, ó ti ń lọ. Àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e, wọ́n ń jà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Èmi náà mú ọ̀pá mi. Ẹni tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ báyẹn, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀?

A kò tíì dé ilé Rùkáyátù tí a fi pàdé Ààfáà Jìbírílù nínú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, òun ló fẹ́ so yìgì náà. Àgbàlagbà ni, ikùn rẹ̀ sì mọ ilé tí wọ́n ti ń se ìrẹsì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Àyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: òjò, ọmọrí, ajá, ẹlẹ́dẹ̀.

Ààfáà di orí mú. "Sùbúháánàllááhì! Kí ló dé tí o fi sọ fún mi? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Mo jí láàárọ̀ yìí, n kò mọ̀. Mo wẹ̀, n kò mọ̀. Mo débí, òórùn ìrẹsì ń fà mí lápá, n kò mọ̀. O wá jẹ́ kí n mọ̀! Wò ó, mo ti mọ̀!"

"Kí ni kí n wá ṣe, Ààfáà?"

"Bó bá ṣe pé ìjà ni, ó rọrùn. Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó lè parí ìjà láàárín èèyàn méjì, a kì í kà á sí òpùrọ́."

"A kì í kà á sí kí ni?" Pásítọ̀ fò sókè. "Irọ́ ni irọ́!"

"Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ṣe ìjà," Ààfáà ń bá a lọ bíi pé eṣinṣin ló kùn. "Ohun tí kò mọ́, kò mọ́. Ẹ̀rín kò lè sọ ọ́ di mímọ́."

"Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò," Maurice ní.

"Ó ń wo ìkòkò pẹ̀lú!" Ààfáà ní.

Wọ́n gbẹ́nu sí i. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Adìyẹ sá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò dúró wò wọ́n, èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti dá sí i, ó ní ẹ̀sìn ìyá òun ń sọ ohun mìíràn. Mo wá rí i pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tún nǹkan ṣe. Mo gbé ọ̀pá sókè, mo mú ohùn mi rọ̀ bí ohùn ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣebí ìkòkò kan náà ni gbogbo wa? Ọmọrí nìkan ló yàtọ̀."

"Rárá o!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

"Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fa ti òní," Ààfáà sọ fún mi. "Ẹni tó sọ pé ọmọrí kò já mọ́ nǹkan kan ni òjò pa ní Datcha."

Mo gbé ọ̀pá mi sọ̀ kalẹ̀.

Àyọ̀kẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. "Ìbéèrè kan ni mo bi ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ fún mi ní ìdáhùn mẹ́rin. Mo sì ti rí ìdí rẹ̀. Katẹkísì ń bẹ̀rù kí ìtìjú má bá ẹnì kan. Pásítọ̀ ń bẹ̀rù irọ́. Ààfáà ń bẹ̀rù ohun tí kò mọ́. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba kálukú láti kékeré ló ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ tó ga jù. Kò sí èyí tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, ìyá mi fi Ọlọ́run dẹ́rù bà mí, bàbá mi náà fi Ọlọ́run dẹ́rù bà mí, ẹ̀rù méjèèjì sì ti pa ara wọn rẹ́. Rùkáyátù ni mò ń bẹ̀rù."

Ó wọlé.

Ilé kún. Wọ́n ta ìbòòrùn sójú títì, àwọn àna láti Sókódé jókòó bí ère, Bàrákátù wà nínú yàrá pẹ̀lú ìbòjú. Rùkáyátù ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú gèlè tó ga débi pé ẹyẹ àdàbà kan yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tó máa bà. Àyọ̀kẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, ẹ gbà mí gbọ́, ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Àyọ̀kẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"ÌYÁ BÀRÁKÁTÙ, Ó ṢEÉ ṢE KÍ WỌ́N TI SE ẸLẸ́DẸ̀ NÍNÚ ÌKÒKÒ YẸN!"

Gbogbo agbo dá ohun tí wọ́n ń ṣe dúró. Ìrẹsì pàápàá dákẹ́ híhó. Àna kan gbé ife omi dúró ní agbedeméjì ẹnu.

Rùkáyátù wò ó. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Àfi "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀," ẹ̀rín ló já.

"Ìyá Linda, tẹ̀ lé mi."

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, gbogbo wa wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ìkòkò ọlọ́mọrí ewé wà níbẹ̀, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Rùkáyátù ṣí i. Omi inú ọ̀rá ló kún inú rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín. Lórí iná lọ́hùn-ún, ìkòkò irin dúdú kan tó ti gbó ni ìrẹsì ń hó nínú rẹ̀, ìkòkò ìyá ìyá Rùkáyátù.

"Ìrẹsì kò dé inú ìkòkò rẹ," Rùkáyátù ní. "Fọkàn balẹ̀. Alihamudulilahi!"

Agbo mí. Ààfáà Jìbírílù fọwọ́ nu ojú, ó yí sí ọ̀nà ìkòkò dúdú bí òdòdó ti ń yí sí oòrùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àyọ̀kẹ́ kò kúrò lójú kan.

"Kí ló dé tí o kò fi se nǹkan nínú rẹ̀ lónìí?"

"Hẹ̀n... ó kàn rí bẹ́ẹ̀."

"Nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ Ìdíríìsì, ọmọkùnrin rẹ, kí lo sè nínú rẹ̀?"

Rùkáyátù wo gèlè ara rẹ̀, bí ẹni pé èèyàn lè rí gèlè tara rẹ̀. "Búrẹ́dì ló wà níbẹ̀."

"Nígbà tí ọkọ rẹ ti Mẹ́kà dé?"

"Ìyá Linda..."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Bàtà àwọn àlejò."

"BÀTÀ!" Wọ́n gbọ́ ọ ní Glei. "Ọdún méjìlá! Mò ń fi yanrìn fọ ìkòkò yìí, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹyin, mo na ọwọ́ sókè níwájú ọjà, o ń kó bàtà sí i!"

"Bí mo bá kọ̀ ọ́, gbogbo ọjà ni yóò kọ̀ ọ́," Rùkáyátù ní. "Bí mo bá sì fi se oúnjẹ, ọkàn mi kò ní balẹ̀. Mo gba ìwọ gbọ́ o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, òjò á rọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"O máa sunkún."

"Mo ti ń sunkún báyìí!"

"Ó ṣáà pẹ́ sí i ní ọdún méjìlá. Ṣé kò sàn?"

"O purọ́ fún mi."

"N kò purọ́! Ìbárẹ́ wa ni mò ń tọ́jú. Ààfáà, ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́," Ààfáà ní, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìrẹsì.

"Irọ́ gbáà ni!" Pásítọ̀ ní. "Irọ́ tó ti tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì!"

"Ó dákẹ́ ni!" Maurice fò sókè, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. "Ṣé ẹ rí i? Ó dákẹ́ ni! Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Àyọ̀kẹ́ kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ó da omi inú ọ̀rá sílẹ̀, yìnyín ń yí kiri láàárín ẹsẹ̀ àwọn àna. Ó di etí ìkòkò kan mú. "Mò ń gbé ìkòkò mi lọ. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé yìí." Ìkòkò tí ọkùnrin méjì ń gbé! Ó fà á, ilẹ̀ ń ké. Rùkáyátù di etí kejì mú. Èyí fà, tọ̀hún fà. Gèlè ṣubú sínú ìkòkò. Àwọn àna láti Sókódé rò pé àṣà ìgbéyàwó Atakpamé nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Rùkáyátù ló kọ́kọ́ dúró. Kò ju etí ìkòkò sílẹ̀. Mo wà nítòsí, mo rí i: ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀ pátápátá.

"Ààfáà," ó ní, "ìkòkò tó bá kan ohun tí kò mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi ní òórùn, kò fi ní ọ̀rá, kò fi ní adùn ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi mímọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjìlá, kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ gbé yanrìn wá. Ẹ gbé ọṣẹ wá." Rùkáyátù ká apá aṣọ olówó ńlá sókè dé ìgbọ̀nwọ́. "Ìyá Linda, ṣé o máa dúró wò mí ni?"

Àyọ̀kẹ́ fa imú. Ó dúró díẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ó tètè rọ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Wọ́n fọ ìkòkò yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ha á débi pé ìlàjì rẹ̀ bá yanrìn lọ. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Ààfáà ti orí bọ inú rẹ̀ láti gbọ́ òórùn, fìlà rẹ̀ já síbẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga: "Ó mọ́ ọ̀ ọ̀ ọ̀." Pásítọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wò ó, nítorí òtítọ́. Maurice kò wò ó. Ó ní òun ti gbà á gbọ́ láti Datcha.

Wọ́n gbé e kaná níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n se ìrẹsì kejì. Nígbà tó jinná, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Rùkáyátù bu ṣíbí kan. Mo rí ìrẹsì mélòó kan tó já bọ́. Ó wí bísímílà, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ó ní.

"Gbogbo omijé tí mo dà sí i yẹn kò tó ọ ni?" Àyọ̀kẹ́ bi í.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ààfáà jẹ àwo mẹ́ta. Mo máa ń sọ pé márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni yí èrò padà o. Títí di òní, bí Maurice bá wá sí ìlú, òun àti Pásítọ̀ á dúró sójú títì, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ àti irọ́, Ààfáà á sì rọra yà pé òun kàn ń kọjá lọ. Àyọ̀kẹ́ ní tiẹ̀ lọ bá ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀, ó ní kó fi ẹ̀wọ̀n so ọmọrí kọ̀ọ̀kan mọ́ etí ìkòkò rẹ̀. Bí òjò bá ń pa yín níbi àsè ní Atakpamé báyìí, ẹ wá nǹkan mìíràn dé orí.

Ní oṣù tó kọjá, Rùkáyátù tún háyà ìkòkò ọlọ́mọrí ewé fún ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Bàrákátù. Àyọ̀kẹ́ kò sọ fún un pé òun ń bọ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná wọlé, èmi náà tẹ̀ lé e, ó ṣí ọmọrí, ẹ̀wọ̀n ń dún jìn-ín-jìn. Ìrẹsì ló wà níbẹ̀, ó kún dé etí, ó ń hó. Ojú rẹ̀ wá ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìkòkò irin dúdú tàtijọ́ náà wà lórí iná tirẹ̀.

"Ìyá Bàrákátù. Ti ta ni tọ̀hún?"

Rùkáyátù dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ dídùn kan. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Ti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí kò tíì gbà pé ìkòkò rẹ mọ́," ó ní. "Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n."

Àyọ̀kẹ́ wò ó títí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ará Glei sì bá a rín in. Ó mú àwo méjì, ó bu láti inú ìkòkò dúdú sí ọ̀kan, ó bu láti inú ìkòkò tirẹ̀ sí èkejì, ó jókòó sórí àpótí láàárín iná méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ èyí wò, ó ń tọ́ ìyẹn wò.

"Lọ sọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún, "pé tiwọn ti jóná nísàlẹ̀."